Kí A Tó Ra Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ ajé lè mú kí ó yára sí i láì ra òmíràn lódindi. Ó lè pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀ nìkan. Ìrònú náà dára, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ènìyàn a ra ọpọlọ tuntun, kò ní wọ inú pátákó àtijọ́. A tún lọ ra pátákó. Ìgbà náà ni yóò wá rí i pé ìrántí tí òun ní tẹ́lẹ̀ kò bá pátákó náà mu. Owó ti jáde, iṣẹ́ sì dúró.

Ọpọlọ, tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní processeur, ni ó ń ṣe ìṣirò. Ìrántí, èyíinì ni barrette, ni ó ń di iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ mú. Bí iná bá lọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a pòórá. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tí a kò tíì fi pamọ́ fi máa ń sọnù. Pátákó, èyíinì ni carte mère, ni ó gbé àwọn méjèèjì, òun ni ó sì ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.

Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì, Intel àti AMD, ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ibùjókòó ọpọlọ lórí pátákó ní orúkọ tirẹ̀. AM5 ni ti AMD láti ọdún 2022. LGA 1700 ni Intel mú jáde ní ọdún 2021. Nọ́ńbà náà ni iye irin tín-ín-rín tí ó wà níbẹ̀. LGA 1851 tẹ̀lé e ní ọdún 2024. Ọpọlọ tí a ṣe fún ọ̀kan kò lè jókòó sí òmíràn.

Ìrántí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. DDR4 dé ọjà ní ọdún 2014, DDR5 sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Gígùn wọn dọ́gba, irin 288 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Bí ìbejì ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àlàfo kékeré tí ó wà ní etí ìsàlẹ̀ wọn kò sí ní ojú kan náà. Iná fóólìtì 1,2 ni DDR4 ń lò. 1,1 ni ti DDR5. Àlàfo náà kì í ṣe àbùkù. Wọ́n dìídì ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà fi èyí sí ipò ìyẹn, ẹni tí ó bá sì fi agbára tì í yóò ba pátákó jẹ́. (Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kúrú jù, kí a má tilẹ̀ gbé e wá.)

Àwọn ọpọlọ Intel ti ìran 12, 13 àti 14 lè bá DDR4 tàbí DDR5 ṣiṣẹ́. Pátákó ni ó ń pinnu, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oríṣi kan ṣoṣo ni pátákó kọ̀ọ̀kan ń gbà. Pátákó méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ó jẹ́ pé D4 tí a kọ sí ìparí orúkọ ọ̀kan ni ìyàtọ̀ wọn. D4 yìí ń sọ pé DDR4 ni ó ń gbà. Àmì méjì péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kà á lè pàdánù owó ìrántí rẹ̀. Ní ti AM5 àti LGA 1851, wọn kò gba DDR4 rárá.

Nítorí náà, ẹni tí ó ti ní DDR4 tí ó dára, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju lẹ́tà títẹ̀ àti ìṣirò owó lọ, kò ní ìdí láti da ohun ìní rẹ̀ nù. Pátákó LGA 1700 tí ó ń gba DDR4 tó o. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀ ni AM5 yẹ jù: pátákó tí a rà ní ọdún 2022 ṣì lè gba ọpọlọ ìran 9000 tí AMD gbé jáde ní ọdún 2024.

Ṣùgbọ́n ètò kékeré kan wà nínú pátákó tí ojú kò rí. BIOS ni orúkọ rẹ̀. Bí pátákó bá ti wà kí ọpọlọ tó dé, ọpọlọ náà yóò wọlé dáadáa, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà lè má jí, nítorí BIOS kò mọ àlejò náà. A ní láti sọ ètò yìí di tuntun. Àwọn pátákó kan ń jẹ́ kí a fi clé USB ṣe é kí a tó fi ọpọlọ sí i. Kí olùrà béèrè, kí ó sì ní kí òǹtajà tan ẹ̀rọ náà ní ojú òun kí ó tó sanwó.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan pátákó AM5 pẹ̀lú ìrántí tuntun, ojú ẹ̀rọ lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Pátákó ń dán ìrántí náà wò ni. Kí a má ṣe yọ iná.