Ẹ̀yìn Kíláàsì Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gba Sàmárù lọ sí Ṣíkà. Nítòsí géètì Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, àwọn ọmọ iléèwé ti wọ súwẹ́tà lé yunifọ́ọ̀mù, ètè àwọn kékeré inú wọn ti hó funfun, àwọn àgbà wọn sì di ọwọ́ àbúrò mú kí wọ́n tó sọdá títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ kọrí sí ọ̀nà Fùntúà. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èkejì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bi wọ́n ní taimu-tébù bí a ti ń lọ. Èyí tó jẹ́ àbúrò ṣì í. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, ó dákẹ́, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi dúró. Ojú tí ọmọ yẹn fi wo ìyá rẹ̀ ni mo gbé dé Ṣíkà.

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Ṣíkà lókèèrè, màlúù tàbí ilé ìwòsàn ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ọdún 1928 ni ìjọba òyìnbó dá oko ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1976, oko náà di ilé ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní NAPRI. Ibẹ̀ ni adìẹ Shika Brown ti jáde. Lọ́dún 2005 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì náà kó kúrò ní Túdùn Wádà wá síbẹ̀, ìlú àgbẹ̀ àti darandaran sì di ibi tí dókítà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti oníṣòwò láti ibi gbogbo ń gbé. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ti rí yàrá gbà tán, ọ̀rọ̀ iléèwé ọmọ ló kàn.

Ọ̀kan nínú wọn ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti pé ọdún márùn-ún. Níbi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ lọ sí iléèwé, ní ìlú mìíràn, wọ́n máa ń na án bó bá ti dáhùn ìbéèrè lódì, títí ó fi di pé kò la ẹnu mọ́ nínú kíláàsì. Nílé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́.

“Àǹtí, ẹ ti ṣe tíṣà rí,” ìyá rẹ̀ ní. “Ẹ bá mi wo ibi tí wọn ò ti ní pa ohùn ọmọ yìí.”

Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́ kí a tó jáde: ká má wo ọ̀dà, ká má wo bọ́ọ̀sì, kíláàsì ni ká wọ̀, ẹ̀yìn ni ká sì kọ́kọ́ wò. Tíṣà mọ iṣẹ́ o, kò mọ iṣẹ́ o, àwọn ọmọ tó wà níwájú yóò dáhùn. Àwọn ará ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi irú ẹni tó ń kọ́ wọn hàn.

Iléèwé aládàáni tí a kọ́kọ́ yà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya ábídí àti ẹranko sára ògiri, òdòdó wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Obìnrin tó ni ibẹ̀ gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún wa ní ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí, ó sì fi yangàn pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ọmọ òun ń sọ láti nọ́sìrì. Ẹni tó bá sọ èdè ilé, ìtanràn ni. Kò jẹ́ ká wọ kíláàsì. Ó ní àlejò máa ń da ọkàn àwọn ọmọ rú. Ojú fèrèsé la ti wò. Wọ́n ń ké ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, ohùn wọn ṣọ̀kan, ó dùn-ún gbọ́. Mo wo ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹnu àwọn ìyókù bá ti là tán ni tirẹ̀ ń là. Tíṣà rí wa lójú fèrèsé, ó pe ọmọ kan níwájú kó kà á fún wa, ọmọ náà sì kà á láìṣì. Ní gbogbo ìgbà tí a fi dúró, tíṣà yẹn kò kọjá ìlà kejì.

“Ibẹ̀ mọ́ o,” ni ìyá ọmọ wí nígbà tí a jáde. Òótọ́ ni. Omi wà nílé ìyàgbẹ́ wọn, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ọmọbìnrin. Ó tún tọ́ka sí ògiri gíga tó yí ibẹ̀ ká àti máigádì tó jókòó ní géètì. N kò bá a jiyàn. Ní ìpínlẹ̀ Kàdúná yìí ni àwọn ajínigbé ti kó àwọn ọmọ iléèwé Bethel Baptist lọ ní oṣù keje ọdún 2021. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n wọ Nuhu Bamalli Polytechnic ní Zaria níbí. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni ti àwọn ọmọ Kúrígà. Òbí tó bá ń béèrè ògiri kó tó béèrè ìwé, ojú rẹ̀ ló rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa yìí, inú ògiri ni ẹgba ti bá a.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni a lọ tẹ̀ lé e. Ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, bẹ́ǹṣì kò kárí, àwọn ọmọ kan jókòó sórí ẹní. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kí ọmọ tí tíṣà kan ń kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Kíláàsì tí a wọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ jìnnà. Ìyá ọmọ wò mí, mo mọ ohun tó ń rò. Gbogbo ẹni tó ń gbé Kàdúná ló rántí ọdún 2017, nígbà tí ìjọba gómìnà Nasir El-Rufai fún nǹkan bí 33,000 tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò tó wà fún ọmọ kíláàsì kẹrin, tí ó sì kéde pé 21,780 kò gba 75 nínú 100. Ìjọba dá wọn dúró, ó ní òun yóò gba 25,000 tuntun. Ní 2019, gómìnà fúnra rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wọ iléèwé ìjọba kan ní Kàdúná lójú gbogbo ayé. Ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè fi ẹni tí kò mọ ìṣirò hàn. Kò lè fi ẹni tó ní sùúrù hàn, sùúrù la sì ń wá kiri.

A rí i ní praimárì kìíní. Ọ̀dọ́bìnrin ni tíṣà náà, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, kò sì bìkítà pé a wọlé. Èèpo ẹ̀pà wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Ó ní kí wọ́n kó márùn-ún pọ̀ mọ́ mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní mẹ́jọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín; tíṣà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Kò sọ fún ọmọ náà pé ó ṣì í. Ó bi í ní Hausa pé, “Yaya ka yi?”, báwo lo ṣe ṣe é. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèpo rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, ó rí ọ̀kan tó ti bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó he é, ó sì kígbe pé mẹ́sàn-án. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, tíṣà kúrò níwájú pátákó, ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri kejì, ó ní kí gbogbo wọn yíjú sí òun. Àwọn ará ẹ̀yìn di ará iwájú. Ó hàn pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, nítorí àwọn ọmọ yíjú wéré láìbéèrè ìdí. Nínú yàrá tó kún tó bẹ́ẹ̀, tí kò sí owó láti kọ́ òmíràn, obìnrin yìí ti rí ọ̀nà tí kò fi ní sí ọmọ tí yóò máa gbé ẹ̀yìn títí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dìde kí n dì mọ́ ọn.

“Àǹtí, ọmọ mi ò gbọ́ Hausa,” ni ìyá ọmọ sọ sí mi létí.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká dúró lé ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ní iléèwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, pẹ̀lú tíṣà tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì jìyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kan náà, Institute of Education ti Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria níbí, ń ṣe irú ètò tirẹ̀ fún àwọn iléèwé ìhà Àríwá, pẹ̀lú Hausa ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà ní 2022, ó tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ìfagilé yẹn dùn mí. Wọn kò tíì kọ́ tíṣà, wọn kò tíì tẹ ìwé tó tó, wọ́n ti ní kò ṣiṣẹ́.

Lóòótọ́, Hausa kì í ṣe èdè ìyá ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré ní pápá Ṣíkà, òun ni wọ́n fi ń ra kòsáì, òun ni wọ́n fi ń jà tí wọ́n sì fi ń parí ìjà. Ọmọ ọdún márùn-ún yóò ti gbọ́ ọ kí òjò tó rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò ní rí ẹni tí yóò fi bá a ṣeré tọkàntọkàn. Yorùbá, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà, àti ọwọ́ àwọn ìyá yòókù nílé ìwòsàn, bí wọ́n bá lè máa kó àwọn ọmọ wọn jọ lọ́jọ́ Sátidé.

Nírọ̀lẹ́, a gba iwájú ilé málàmù kan kọjá. Àwọn ọmọkùnrin jókòó káàkiri lábẹ́ igi dóńgóyárò, wàláà lọ́wọ́ oníkálukú. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ álífù, èkejì ti rìn jìnnà nínú Kùránì, àwọn àgbà inú wọn sì ń gbọ́ ti àwọn kékeré. Ẹni tó bá ti mọ tirẹ̀ sórí ló ń fọ wàláà rẹ̀ láti kọ òmíràn, bí a ti ń ṣe nílé kéú lọ́dọ̀ tiwa. Kò sí ìkẹyìn níbẹ̀, nítorí ìrìn kálukú ni kálukú ń rìn. Iléèwé tó ń gbowó gọbọi yẹ kó wá wo èyí. Abọ́ tí àwọn kan nínú wọn fi ń tọrọ oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdún 2012 ni ìjọba Ààrẹ Jonathan ṣí àkọ́kọ́ nínú àwọn iléèwé tí wọ́n kọ́ fún almajiri, bí wọ́n ti ń pe irú àwọn ọmọ yìí, ní Sókótó. Abọ́ kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà ìkọ́ni tó dára kò dí ihò ebi.

Lọ́jọ́ kejì, a mú ọmọ náà lọ sí iléèwé ìjọba yẹn. Ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọbìnrin méjì, kò sọ̀rọ̀. Tíṣà kó èèpo ẹ̀pà síwájú rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kó tó di àsìkò ìsinmi, ọmọ náà ti ń pín èèpo náà sí méjì-méjì.

Mo bi hẹ́dímásítà léèrè ẹni tó ń kọ́ praimárì kejì, nítorí ọdún kan kọ́ ni ọmọ yóò lò. Ó mú wa débẹ̀. Ẹgba wà lórí tábìlì tíṣà yẹn. Mo tún béèrè bóyá ọ̀dọ́bìnrin praimárì kìíní yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìjọba ló ń gbé tíṣà láti ibì kan sí ibòmíràn, òun kò lè ṣèlérí.

Ìyá ọmọ ronú díẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ní SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí ti ń bá iléèwé jókòó. Hẹ́dímásítà ní àwọn ní, pé àwọn òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá.

“Èmi máa wá,” ó ní. “Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi sí praimárì kìíní. Ọ̀rọ̀ ẹgba tó wà ní kejì yẹn, mo fẹ́ ká sọ ọ́ nípàdé kí ọdún tó yí.”

Hẹ́dímásítà fa ìwé ńlá rẹ̀ jáde. “Madam, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé.”