Pùròpẹ́là Wo Ni Ó Yẹ Ọkọ̀ Yín?

Láti orí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja ni ẹ ó ti rí ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé. Ní 1832, ọkọ̀ Alburkah (alùbáríkà wa náà ni) fi kẹ̀kẹ́ alájẹ̀ wọ odò Ọya. Ní 1854, Pleiad, tí Ajayi Crowther wọ̀, fi pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí lábẹ́ omi, kọjá níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra ti ọkọ̀ ayára, òǹkà méjì ni kí ẹ wò. 13 × 19 túmọ̀ sí ìbú íǹṣì 13, àti íǹṣì 19 tí ó yẹ kí ó fi sún síwájú ní yíyí kan. Èyí kejì ni ó ń tan ènìyàn jẹ: bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò yí ní àyíjù. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù tí ẹ ó máa kó gan-an, kì í ṣe ní òfìfo.

Irin tí kì í dípẹtà yára ju alumíníọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yanrìn bá yọ lódò, alumíníọ̀mù ni èmi yóò yàn: òun ni yóò tẹ̀, jíà yóò sì yè. Ẹ fi òmíràn sínú ọkọ̀, pẹ̀lú sípánà rẹ̀.