Ekòló, Alágbàṣe Tí Kì í Béèrè Owó Ọ̀yà

Àwa tí a wà ní ilé-ìwé yìí láàárín ọdún 1970 sí 1980 kò lè gbàgbé ọjọ́ iṣẹ́ oko. Olúkúlùkù a mú ọkọ́ tàbí àdá rẹ̀ wá láti ilé. Bí ọkọ́ bá sì ti tú ebè, ekòló a máa yọ jáde. Àwọn ọmọkùnrin a ṣà á sínú agolo fún ìjẹ ìwọ̀, àwọn ọmọbìnrin a sì kígbe. Olùkọ́ wa nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn a máa wí pé ilẹ̀ tí ó ní ekòló púpọ̀, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. A gbọ́, ṣùgbọ́n a kò kọbi ara sí i.

Ó di ìgbà tí a gbé wa lọ sí ìjọ kan tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé àlùfáà rẹ̀ ti ṣá pátápátá kí ọ̀rọ̀ náà tó padà wá sí wa lọ́kàn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ wa gbìn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Owó ajílẹ̀ inú àpò ju agbára wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń da èèpo iṣu àti igi ẹ̀fọ́ sí ààtàn lójoojúmọ́.

Ekòló kò ní eyín. Ó ń gbé ohun tí ó ti ń rà mì pẹ̀lú yanrìn kíún, iwe rẹ̀, bí iwe adìyẹ, a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ohun tí ó yà jáde ni ajílẹ̀: ó dúdú, ó kúnná, òórùn rẹ̀ sì dàbí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Gbòǹgbò ń rí oúnjẹ inú rẹ̀ fà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ilẹ̀ sì ń fi í di omi mú. Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odidi ìwé kan nípa ekòló ní ọdún 1881. Àwọn baba wa pẹ̀lú ti wí pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un.

Irú èyí tí ó yẹ wá ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eudrilus eugeniae. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni ilé rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ooru. Wọ́n ń sìn ín ní Íńdíà àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi owó rà á. Àwa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá a lábẹ́ ewé jíjẹrà àti nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn kì í gbádùn inú garawa.

Garawa oníke tí ó gba omi lítà 20 tó fún ìdílé kékeré. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè jò, kí ẹ sì lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ekòló kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ tí ó tutù ni ó fi ń mí. Ẹ ya páálí àti ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sì fún un títí tí kò fi ní kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ. Ẹ fi kún ìdajì garawa, ẹ bu ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, kí ẹ tó kó ekòló bí 200 sínú rẹ̀. Ẹ dé e, ẹ gbé e sí ibòji lórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ àpótí náà bọ inú agolo omi, nítorí èèrà àti ìjàlọ.

Oúnjẹ wọn ni èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ẹ̀fọ́, ewé tíì, àti èèpo ẹyin tí a gún. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rì í mọ́ abẹ́ páálí kí eṣinṣin má bàa bà lé e, kí ẹ má sì fi òmíràn sí i títí èyí tí ó wà níbẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èèwọ̀ wọn ni ẹran, ẹja, epo, ata, iyọ̀ àti èèpo ọsàn púpọ̀.

Àṣìṣe ni ó kọ́ wa ní èyí. Lẹ́yìn àsè ìkórè kan, a da àjẹkù ìrẹsì àti ọbẹ̀ kún inú garawa, a rò pé àánú ni a ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ gbóná, ó ń rùn. Àwọn ekòló ti pọ́n sí abẹ́ ìdérí, ọ̀pọ̀ sì ti kú. Ìyá àwọn ọmọ wa ní kí a dà á nù. A bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan péré. A ṣa nǹkan bí 30 tí ó kù, a tún ibùgbé wọn ṣe, a sì fi sùúrù bọ́ wọn títí wọ́n fi bí sí i. Láti ìgbà náà, bí a bá rí ekòló tí ń gun ẹ̀gbẹ́ garawa, a mọ̀ pé omi tàbí oúnjẹ ti pọ̀ jù nísàlẹ̀: a ó dín oúnjẹ kù, a ó sì fi páálí gbígbẹ sí i.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ tú u sórí ọ̀rá nínú ìmọ́lẹ̀, ní òkìtì kéékèèké. Ekòló kórìíra ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń sá lọ sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa bu ti òkè. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ìdí tòmátì tàbí ugu kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá àwọn ekòló padà sínú ibùgbé titun, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Ní òjò tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa ga dé orúnkún. Ìyá àwọn ọmọ wa tí ó ní kí a dà á nù ni ó ń fi èèpo iṣu pamọ́ fún wọn nísinsìnyí.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kò ju agbára ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, yóò sì kọ́ ọ ní sùúrù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a ti ń dáwó fún àyájọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi garawa kan ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ, kí a gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Olúwa wa, lẹ́yìn tí ó fi ìṣù àkàrà márùn-ún bọ́ 5,000 ọkùnrin, ni ó tún ní kí a kó àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún. Bí Ẹni tí kò ṣe aláìní kò bá fi àjẹkù ṣòfò, ta ni àwa tí a ó máa dà á sí ààtàn?