Pínpín Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan Lò lórí Linux ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni ó máa ń wà, yàrá akọ̀wé ẹ̀ka ni a sì máa ń gbé e sí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò yóò kó iṣẹ́ rẹ̀ sínú fíláàṣì, yóò sì gbé e lọ síbẹ̀. Bí kò bá rí àyè níbẹ̀, yóò gba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ ní Fólágbadé tàbí ní Ìjagun. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó bá níbẹ̀ lè má ní irú fọ́ǹtì tí ó fi kọ iṣẹ́ náà; nígbà náà, àmì ohùn a sún kúrò lórí lẹ́tà, lẹ́tà mìíràn a sì di àpótí òfìfo. Bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde bákan náà, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ dáhùn?

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka kan ṣe lè ti orí kọ̀ǹpútà tiwọn tẹ̀wé sórí ẹ̀rọ kan náà nípasẹ̀ Linux, àti ìdí tí ọ̀nà yìí fi ń dáàbò bo àkọtọ́ wa.

CUPS àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

CUPS ni ètò tí ń bójú tó ìwé títẹ̀ lórí Linux. Michael Sweet ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọdún 1999 ni ó kọ́kọ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ Apple rà á ní 2007, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ó ṣì jẹ́.

A lè fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ẹlẹ́rọ ata ní ọjà. Àwọn oníbàárà a to abọ́ wọn sílẹ̀, ẹlẹ́rọ a sì máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí olúkúlùkù ti kó sínú abọ́ láti ilé ni ẹ̀rọ yóò lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí níhìn-ín: orí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ìwé ni a ti ń to ojú-ìwé pọ̀, tí a sì ń di fọ́ǹtì rẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó lọ. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dání kò nílò fọ́ǹtì náà rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èyí àti fíláàṣì nìyẹn. Àmọ́ fọ́ǹtì orí kọ̀ǹpútà òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ dára, nítorí pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ẹ àti àmì ohùn òkè ni a ń gbé léra wọn. DejaVu Sans ń ṣe èyí dáadáa.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

A ó so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà kan tí CUPS wà lórí rẹ̀, a ó ṣí bráwúsà, a ó sì tẹ http://localhost:631. Lábẹ́ Administration, a ó yan Add Printer, a ó fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ tí kò ní àlàfo, bí i EkaYoruba, a ó sì fi àmì sí Share This Printer. Lẹ́yìn èyí, a ó padà sí Administration láti fi àmì sí Share printers connected to this system. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbàgbé ìgbésẹ̀ kejì yìí, wọn a sì máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Bí ògiri ààbò bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà, a ó ṣí ojú ọ̀nà 631 fún àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ka nìkan.

Ráútà lásán tó fún ìsopọ̀ náà. Kò sí owó dátà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Linux yòókù sábà máa ń rí ẹ̀rọ náà fúnra wọn. Èyí tí ó ń lo Windows yóò gba àdírẹ́sì bí i http://192.168.1.10:631/printers/EkaYoruba. A kò gbọ́dọ̀ ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, a rí àléébù nínú cups-browsed, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ń bá CUPS rìn, tí ó lè jẹ́ kí àjèjì ráyè wọlé.

Iná àti àṣírí ìdánwò

Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ẹ̀rọ dání gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Bí wọ́n bá mú iná, ìlà iṣẹ́ lè dúró; olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò máa tẹ bọ́tìnnì léraléra, ẹ̀dà mẹ́wàá yóò sì tú jáde nígbà tí iná bá dé. Àṣẹ lpstat -t ni yóò fi ohun tó wà lórí ìlà hàn. Àṣẹ sudo cupsenable EkaYoruba ni yóò mú ìlà tó dúró tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ àṣírí le ju ti iná lọ. CUPS lè tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí a ti tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní àsìkò ìdánwò, kí alábòójútó kọ PreserveJobFiles No sínú /etc/cups/cupsd.conf, kí ó sì tún CUPS bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ Linux tí ó lè ṣọ́ bébà tó ti jáde sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó ni ìbéèrè ni yóò dúró ti ẹ̀rọ títí ojú-ìwé ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́.