Asofẹ́yẹjẹ, obì, codeine: Kí ni èròjà inú ewéko ń ṣe fún ọpọlọ wa?

Ẹni tó bá rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìdúmọ̀tà yóò bá oríṣi ọjà oògùn méjì pàdé. Ọjà Jankara ti gbajúmọ̀ tipẹ́ fún ewé, èèpo igi àti egbò tí àwọn eléwé ọmọ àti lẹ́kùlẹ́jà ń tà. Oògùn òyìnbó inú páálí àti inú ìgò ni wọ́n mọ Ìdúmọ̀tà mọ́ ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC, tó ń mójútó oògùn, ti ọjà oògùn ibẹ̀ pa kí wọ́n lè kó ayédèrú àti èyí tí òfin kò fàyè gbà kúrò nílẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé oògùn ìbílẹ̀ kò léwu, ti òyìnbó ló léwu. Àwọn mìíràn a ní ti ìbílẹ̀ kò lágbára rárá. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Èròjà ewéko tó bá ti wọ ọpọlọ kò mọ ọjà tí wọ́n ti rà á.

Kí ni èròjà wọ̀nyí?

Alkaloid ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Wọ́n sábà máa ń korò, ewéko ló sì ń pèsè wọn kí kòkòrò àti ẹranko má baà jẹ ẹ́ run. Kaféènì inú obì wà lára wọn. Nicotine inú tábà àti aṣáà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni morphine àti codeine tó ń ti ara ewéko opium wá.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ síra wọn nípa títú èròjà bíi dopamine, serotonin àti acetylcholine jáde. Lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ náà, ojú kan wà tó bá èròjà kọ̀ọ̀kan mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Alkaloid kan lè ṣí ojú náà, òmíràn lè dí i pa, òmíràn sì lè gbọ́n èròjà tí sẹ́ẹ̀lì kó pamọ́ gbẹ.

Báwo ni asofẹ́yẹjẹ ṣe ń mú ara wèrè balẹ̀?

Igi asofẹ́yẹjẹ, tó ń jẹ́ Rauvolfia vomitoria nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ni àpẹẹrẹ tó lágbára jù nílẹ̀ Yorùbá. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn tó ń wo wèrè máa ń fún aláìsàn tó ń pariwo, tó ń jà, tí kò rí oorun sùn. Aláìsàn náà lè bì, ó lè yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ni oorun á gbé e lọ. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ nípa ìtọ́jú yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Ní Àró yìí kan náà ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo ti gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá wọn tọ́jú aláìsàn.

Reserpine ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú egbò náà. Ilé iṣẹ́ oògùn Ciba ní ìlú Basel, Switzerland, yọ ọ́ jáde ní ọdún 1952 láti ara igi mìíràn tó bá asofẹ́yẹjẹ tan, tó ń hù ní Íńdíà. Nígbà tó yá, egbò asofẹ́yẹjẹ láti Áfíríkà náà di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń rà láti fi ṣe reserpine.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àpò kéékèèké ni sẹ́ẹ̀lì ń kó dopamine, serotonin àti noradrenaline sí kó tó tú wọn jáde. Reserpine ń dí ẹnu àpò náà. Èyí tí kò rí àpò wọ̀ á bàjẹ́ síta. Díẹ̀díẹ̀, àpò á ṣófo, ara á rọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà á wálẹ̀. Ní ọdún 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, wọn kò sì lè mira mọ́. Ó wá fún wọn ní L-DOPA, ohun tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamine, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Ìwádìí yẹn ló lànà fún ìtọ́jú àrùn Parkinson, Carlsson sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Àpò tó ti ṣófo kì í tètè kún. Agbára reserpine lè wà lára fún ọjọ́ pípẹ́, ìfúnpá lè wálẹ̀ jù, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè mú ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi yà sí oògùn mìíràn.

Obì, codeine àti apikán ńkọ́?

Bí a bá ti pẹ́ lójúfò, èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine á máa pọ̀ nínú ọpọlọ, òun ló ń sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ wá. Kaféènì inú obì ń dí ojú tí adenosine ń wọ̀. Nítorí náà, awakọ̀ tó jẹ obì kò gbọ́ ìkìlọ̀ náà mọ́, àmọ́ àárẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ díẹ̀ nínú codeine di morphine. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan yára sí iṣẹ́ yìí ju ti ẹlòmíràn lọ, wọ́n sì jogún èyí láti ọ̀dọ̀ òbí wọn ni. Bí morphine bá pọ̀ jù, apá ọpọlọ tó ń darí mímí á sùn, ọtí líle a sì tún dá kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn ìwádìí tí BBC gbé jáde, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé.

Apikán, ewéko tí àwọn kan ń pè ní gegemu, ló burú jù nínú gbogbo wọn. Scopolamine àti atropine inú rẹ̀ ń dí ojú acetylcholine. Ẹnu á gbẹ, ojú á là gbòò, ọkàn á máa lù kìkì, ènìyàn á sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n májèlé inú ewéko kan kò bá ti èkejì dọ́gba, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fojú wọ̀n ọ́n.

Kí ló yẹ ká ṣe?

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà láàárọ̀, kí wọ́n tún gba àgbo lálẹ́, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn ilé ìwòsàn ọpọlọ, bíi haloperidol, ń dí ojú tí dopamine ń wọ̀. Bí asofẹ́yẹjẹ bá pàdé wọn nínú ara kan ṣoṣo, ara aláìsàn lè gan, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já wálẹ̀.

Ẹ sọ orúkọ gbogbo àgbo tí aláìsàn ń mu fún dókítà, kí ẹ sì sọ oògùn dókítà fún oníṣègùn. Kí dókítà má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá dójú tì kò ní sọ òótọ́ nígbà mìíràn. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé egbò yìí lágbára lórí ọpọlọ. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn yunifásítì wa àti NAFDAC ni láti wọn agbára náà, kí ẹni tó ń ta á àti ẹni tó ń mu ún lè mọ ibi tí ìwòsàn pin sí àti ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀.