Nígbà tí Oníkábà Ró Aṣọ: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ìdarí Amúyìípadàwá

Ní nǹkan bí ọdún 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ní Abẹ́òkúta bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Etí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ẹ̀bẹ̀ náà dé. Olùkọ́ ni obìnrin yìí, ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies' Club. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè àti ẹ̀kọ́ ilé fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni ẹgbẹ́ náà ń mójú tó. Kò sí ohun tó pa òun àti ìjọba pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ààfin sílẹ̀ nítorí ìjà àwọn obìnrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn àti ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tú palẹ̀.

James MacGregor Burns, òpìtàn àti onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ nípa ìdarí amúyìípadàwá nínú ìwé rẹ̀, Leadership, tó jáde ní 1978. Ọ̀nà méjì ni Burns pín ìdarí sí. Èkínní ni ìdarí onípààrọ̀: fún mi ní ìbò, n ó fún ọ ní iṣẹ́. Bí pààrọ̀ náà bá ti parí, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú èkejì, aṣáájú àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e máa ń gbé ara wọn ga ni, títí èrò àti ìwà tọ̀tún-tòsì yóò fi yí padà. Ní 1985, Bernard Bass mú èrò yìí lọ sí ilé iṣẹ́ àti iṣẹ́ ológun, ó sì wá ọ̀nà tí a lè gbà fi ìbéèrè wọ̀n ọ́n. Èyí wúlò, àmọ́ ohun kan sọnù níbẹ̀: lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé Bass, aṣáájú wá dà bí oníwàásù tó ń da ìmísí lu ìjọ lórí, tí ìjọ kò sì ní ohunkóhun láti fún un. Ti Burns ló sún mọ́ Abẹ́òkúta jù. Ó ṣe ni ní kàyéfì pé ọdún tí ìwé rẹ̀ jáde gan-an ni Fúnmiláyọ̀ papòdà.

Nínú kíláàsì ìwé kíkà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ olùkọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó wá kọ́ a-b-d kò lè ṣàìsọ ohun tó ń dùn ún. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń san tirẹ̀. Àwọn obìnrin náà fẹ̀sùn kàn pé agbowó-orí ń já wọlé oníle, pé wọ́n sì ń tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti fi wò bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó. Síbẹ̀, wọn kò ní ìbò, wọn kò sì ní àga nínú ìgbìmọ̀. Ìlú yìí kan náà ló fi Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864! Òfin àwọn òyìnbó, tó kó àṣẹ ìlú lé Aláké nìkan lọ́wọ́, ló ti irú oyè bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ìrẹsì jà, wọ́n borí ní 1945. Ibẹ̀ ni ìdarí onípààrọ̀ ìbá ti parí. Àmọ́ ní 1946 wọ́n pa orúkọ dà sí Abeokuta Women's Union, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin. Láyé ìgbà yẹn, oníkábà ni wọ́n ń pe obìnrin tó kàwé, aróṣọ sì ni ti ọjà. Aṣọ lásán kọ́ ni wọ́n fi pín wọn, ipò ni. Fúnmiláyọ̀, tó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 dé 1922, bọ́ kábà sílẹ̀, ó ró ìró, ó sì wé gèlè bíi tiwọn. Èdè Yorùbá ló ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí wọ́n lọ wá ògbifọ̀ tiwọn. Àwọn kan lè pe èyí ní àṣehàn. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá ń lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́jà tó ń san owó orí ló máa jókòó bí odi. Bó bá wá di Yorùbá, ajẹ́lẹ̀ ni yóò máa wo ẹnu elòmíràn. Ìyípadà àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, ara aṣáájú fúnra rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1947, òun nìkan ni obìnrin nínú ikọ̀ NCNC tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker níbẹ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọlá tí obìnrin ní tẹ́lẹ̀. Nílé, ẹ̀bẹ̀ lórí ìwé kò so èso. Nígbà tí àwọn aláṣẹ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwọ́de, àwọn obìnrin ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni. Wọ́n kọ́ ara wọn bí a ṣe ń ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ní ìparí ọdún náà, obìnrin tó ju 10,000 lọ sun ìta ààfin mọ́jú, wọ́n ń fi orin bú ọba.

Àwọn Ògbóni náà wá kẹ̀yìn sí Aláké. Ó kúrò nílùú ní oṣù keje 1948, ó sì kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ adelé. Fúnmiláyọ̀ wà lára wọn.

Ìtàn kò parí síbi ayọ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá 1950 ni Aláké padà sórí ìtẹ́. Ẹgbẹ́ náà di Nigerian Women's Union, ó tàn ká ìlú púpọ̀, àmọ́ Fúnmiláyọ̀ kò gbé ipò ààrẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni bá ń fi ojú Burns wò ó kò lè fojú fo èyí, nítorí lójú rẹ̀ ọmọlẹ́yìn ló yẹ kó di aṣáájú. Àwọn ọlọ́jà tó sun ìta ààfin ní 1947 lè ka ìwé, wọ́n lè ṣèpàdé, wọ́n lè lé ọba. Kò sí ẹ̀rí pé àyè ṣí fún èyíkéyìí nínú wọn láti darí ẹgbẹ́ náà.