Ríra oúnjẹ lápò: Ibi tí èrè wà, àti ibi tí òfò ń gbà wọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yé àwọn ìdílé ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ níwájú owó dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, kéde pé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ti ń sọ pé ríra kóńgò kan, kóńgò kan kò mú ọgbọ́n wá mọ́, àfi kéèyàn yáa máa ra oúnjẹ lápò.

Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò tí ì pé. Àwọn kan ti ra àpò ẹ̀wà tán, tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun tí kòkòrò jẹ kù ni wọ́n gbọ́n nù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn mìíràn fi oògùn kòkòrò sí oúnjẹ kí owó wọn má baà ṣòfò, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀ gbé májèlé wọ inú ìkòkò ara wọn. Kì í ṣe títóbi àpò ni èrè wà. Inú nǹkan mẹ́ta ló wà: àsìkò tí a rà á, òṣùwọ̀n tí a fi rà á, àti bí a ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èrè tó wà nínú méjì yòókù lè wọmi.

Àṣà àtijọ́ ni, ọwọ́ tó dé ló yàtọ̀

Kíkó oúnjẹ pamọ́ kì í ṣe ohun tí ọ̀làjú gbé dé. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ní àká tó ń kó àgbàdo sí, ó ní abà tó ń to iṣu sí, ó sì ní àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń fẹ́ sí àgbàdo àti ata lójoojúmọ́. Èéfín náà ń fa omi ara irè gbẹ, ó sì ń lé kòkòrò sẹ́yìn. Iṣu tí kò ní lè pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń bọ̀ lómi gbóná, tí wọ́n ń sá títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Gàrí pàápàá, ẹ̀gẹ́ tí a fún omi inú rẹ̀ dànù tí a sì yan gbẹ ni.

Ohun tó yí padà ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ lónìí kọ́ ló gbìn ín. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n kórè rẹ̀, kò mọ bó ṣe gbẹ tó, kò sì mọ ohun tí wọ́n fọ́n sí i kí ó tó dé ọjà. Yàrá tó ń kó o sí kò ní èéfín. Ooru àti ọ̀rinrin ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n tí àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ àká rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ti ẹni tó ń ra àpò.

Àsìkò lọjà

Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni epo pupa máa ń pọ̀ jù, nítorí ìgbà náà ni ẹyìn máa ń pọ́n yanturu. Ẹni tó bá ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lásìkò yìí kì í sábà san iye tí ẹni tó dúró di ìparí ọdún ń san. Ẹ̀wà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti òkè Ọya wá, ń jáde lóko láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Àkókò náà ni wọ́n ń kórè ìrẹsì ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọdún Kérésìmesì máa ń gbé owó ìrẹsì sókè, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rà dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún kí ó tó lọ sọ́jà.

Iṣu tuntun ń dé láti nǹkan bí oṣù keje, àmọ́ omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó gbó, tí wọ́n wà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, ló ṣe é tọ́jú. Ní ti tòmátì àti ata, oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni wọ́n ń pọ̀ lọ́jà, nítorí oko tí wọ́n ń bomi rin ní òkè Ọya. Bí òjò bá ti rọ̀ dé oṣù kẹfà àti oṣù keje, apẹ̀rẹ̀ kan lè di àwòsunkún. Ọdún mìíràn sì wà tí kàlẹ́ńdà yìí kì í bára mu: ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, tòmátì sì di ọ̀wọ́ngógó káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, kí oníbàárà mọ ìgbà, kí ó sì tún béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà kí ó tó kó owó sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n àti ìṣirò

Bí èèyàn bá dé Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó, yóò rí i pé kóńgò kò dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, òmíràn wà tí wọ́n ti fi nǹkan dí nísàlẹ̀. Èènì tí ọlọ́jà bù lé e lè múnú oníbàárà dùn, kó má sì tó ohun tí ìdí kóńgò ti jẹ. Ẹni tó bá mú kóńgò tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ, tàbí tó rà níbi tí wọ́n ti ń fi kílò wọn nǹkan, ló mọ ohun tó gbà.

Àpò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Wọ́n lè kọ kílò 50 sára àpò ìrẹsì tí wọ́n ti tú, tí wọ́n bù lára rẹ̀, tí wọ́n sì tún rán padà. Kí oníbàárà wo ojú rírán, kí ó wo bóyá okùn méjì ló wà níbẹ̀, kí ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Àpò ẹ̀wà ní tirẹ̀ kì í sábà ní ìwọ̀n kan pàtó. Kí wọ́n tì í lọ́wọ́ wò títí dé ìsàlẹ̀, nítorí orí àpò nìkan ni ẹ̀wà dáradára máa ń wà nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ká ní obìnrin kan ra àpò ẹ̀wà tó kún 60 kóńgò, tí owó tó fi dín sí ti ẹni tó ń ra kóńgò kọ̀ọ̀kan sì tó iye kóńgò mẹ́jọ. Bí owó ọkọ̀ àti ti alábàárù bá jẹ́ iye kóńgò méjì, èrè rẹ̀ di kóńgò mẹ́fà. Bí kòkòrò bá wá ba kóńgò mẹ́wàá jẹ́, obìnrin yìí ti pàdánù kóńgò mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀. Ẹni tó ń ra kóńgò kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò jèrè jù ú lọ.

Ìdí nìyí tí àjọrà fi dára fún ìdílé kékeré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ìdílé mẹ́rin lè ra àpò kan, kí oníkálukú kó ìwọ̀n tí yóò jẹ tán kí kòkòrò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ lọ sọ́jà, kí wọ́n sì pín in lójú ara wọn lọ́jọ́ náà. Àjọ oúnjẹ ìparí ọdún, tí èèyàn kan ń gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn láti oṣù kìíní, ti sọ ọ̀pọ̀ di ẹni tí kò rí owó, tí kò sì rí oúnjẹ. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ní ìwé àkọsílẹ̀, tó sì ń ṣe ìpàdé, sàn ju àjọ ẹnu lásán lọ.

Ibi tí kòkòrò ẹ̀wà ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ló rò pé inú ilé ni kòkòrò ti ń wọ ẹ̀wà. Oko gan-an ló ti ń bá a wá. Abo kòkòrò náà a máa yé ẹyin sára hóró ẹ̀wà, ìdin a sì lu ara hóró wọlé, a máa jẹ ẹ́ nínú títí yóò fi dàgbà, ní nǹkan bí oṣù kan, kí ó tó lu ihò jáde. Ihò tí ojú ń rí jẹ́ àmì pé ẹni tó wà nínú ilé ti jáde. Ẹ̀wà tí kò ní ihò ṣì lè ní ìdin nínú. Abo kan lè yé ẹyin tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló fà á tí àpò tó dára lóṣù kìíní fi ń di ìyẹ̀fun lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Ohun tó ń pa kòkòrò yìí láìlo oògùn ni àìrí afẹ́fẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ Purdue University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Kamẹrúùnù lórí ọ̀nà yìí. Láti inú iṣẹ́ náà ni àpò tí wọ́n ń pè ní PICS ti jáde: ọ̀rá nínípọn méjì wà nínú, àpò líle kan sì wà níta. Bí wọ́n bá so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́rùn pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì kú.

Ẹni tí kò rí àpò yìí rà lè lo kẹ́ẹ̀gì tàbí àgbá oníke tó mọ́ tónítóní, tí omi kan kò sí nínú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ sá ẹ̀wà náà gbẹ, kí ó rọ ọ́ kún dé ẹnu, kí ó sì dé e pinpin. Àgbá tó kún dé ìdajì ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò sì ní tètè ṣiṣẹ́. Kò sì yẹ kí wọ́n máa ṣí i lójoojúmọ́: kí wọ́n bu èyí tí wọ́n máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sínú ike kékeré, kí wọ́n sì fi ti ńlá sílẹ̀. Ẹni tó ní fíríìsà tí iná ń wọ̀ dáadáa lè kó ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Òtútù náà ń pa ẹyin àti ìdin.

Májèlé kì í ṣe ìpamọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ẹ̀mí ni oògùn kòkòrò. Dichlorvos, tó máa ń wà nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀tápíàpíà, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ nínú ilé. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé wọ́n bá oògùn yìí nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin wọn gbà. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa èyí tó wà nínú ìgò kékeré, ìyẹn mílílítà 100 sí ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fọkàn tán fífọ̀ tàbí sísè pé yóò mú oògùn tó ti wọ inú hóró kúrò.

Èyí tó tún burú jù ni hóró oògùn tí wọ́n ń lò ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa kòkòrò, ó sì ń pa èèyàn. Kò gbọdọ̀ wọ ilé tí èèyàn ń sùn sí, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré. Bí ẹ̀wà bá ń rùn bí oògùn lọ́jà, kí oníbàárà fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Èyí tó ń bu àti èyí tó ń fẹ́ iná

Gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà kò bẹ̀rù kòkòrò tó bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ọ̀rinrin. Kí wọ́n má ṣe gbé àpò wọn lélẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tàbí kí ó fara kan ògiri. Pákó ni kí wọ́n gbé e lé. Gàrí tí wọ́n yan gbẹ dáadáa ń pẹ́ ju èyí tó ṣì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gúsí tí wọn kò tí ì bó ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n ti lọ̀ lọ.

Bí oúnjẹ bá ti bu, kò sí ọgbọ́n mọ́. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin, tó ń jáde láti ara àwọn oríṣi èébu kan, kì í kú bí a bá sè é tàbí bí a bá yan án. Ní ọdún 2004, àgbàdo tó ní májèlé yìí pa èèyàn 125 ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ẹni tó ń sá gàrí tó ti bu kí ó lè jẹ ẹ́, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ní ti ata àti tòmátì, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó pín in sínú ike kékeré fún fíríìsà. Ṣùgbọ́n fíríìsà náà ń jẹ owó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní Band A ti fò sókè, ìdílé gbọ́dọ̀ fi owó iná kún iye ata náà. Níbi tí iná kò ti dúró, ata tí wọ́n sá gbẹ sàn ju fíríìsà tó ń yọ́ lójoojúmọ́.

Ilé là ń wò

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí bàbá àti ìyá jókòó, kí wọ́n kọ iye kóńgò tí ilé wọn ń jẹ lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kí wọ́n tó pinnu iye tí wọ́n máa rà. Kí wọ́n má sì dáwọ́ òṣùwọ̀n dúró nítorí pé àpò wà nílé, torí bí oúnjẹ bá pọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ a máa tú, àpò oṣù mẹ́rin a sì tán lóṣù kejì. Oúnjẹ kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jẹ jù, lásìkò tó pọ̀ lọ́jà. Bí èyí bá yọrí, kí wọ́n fi òmíràn kún un. Kí ike àti àgbá sì ti wà nílẹ̀ ní gbígbẹ kí àpò tó dé, nítorí ọjọ́ tí àpò bá wọlé ni kòkòrò inú rẹ̀ náà wọlé.